Ọkùnrin kan ní kí n rán kaba fún òun: ṣé kí n gbà á?

Ìyá Aránṣọ (Àkúrẹ́):

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Aránṣọ obìnrin ni mí ní Àkúrẹ́ níbí, ìtòsí Ọjà Ọba ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ó sì ti di ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ náà. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Mo ti rán aṣọ fún ìyàwó ojú ọ̀nà, mo ti rán fún àwọn tí ń lọ sí Mẹ́kà, mo ti rán fún ọmọ tí kò tíì dáyé, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́rú tó kọjá kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ó sì mú àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà jáde nínú ọ̀rá. Mo bi í bóyá bùbá àti ṣòkòtò ni, ó ní rárá, kaba ni, kí apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì bo kókósẹ̀. Mo rò pé ti ìyàwó rẹ̀ ni, mo ní kí obìnrin náà yọjú kí n lè wọ̀n ọ́n. Ó ní, “Èmi ni ẹ máa wọ̀n, mà.” Mo tún bi í bóyá eré ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ọmọkùnrin tí ń ṣe àwàdà sórí fóònù máa ń wé gèlè, tí wọ́n á ki àkísà bọ àyà kí a lè rẹ́rìn-ín. Ì bá purọ́ fún mi níbẹ̀, ǹ bá sì gbà á gbọ́. Ó wolẹ̀, ó ní, “Fún ara mi ni. Inú yàrá mi ni mo ti máa wọ̀ ọ́.”

Nígbà tí ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè kí n lè wọn ọwọ́, mo rí i pé ó ti fá gbogbo irun apá rẹ̀, ojú abẹ ṣì wà níbẹ̀, kókó kéékèèké sì ti sú bo awọ. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ti bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kaba tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì fara dà á. Apá tí kò ní irun yìí ni wọn kò lè fara dà. Èyí àgbà nínú wọn tilẹ̀ sọ ọ́ sókè pé ó dà bí adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀. Ojú ti ọmọ náà, ṣùgbọ́n ojú ti èmi jù ú lọ, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti bí àbígbẹ̀yìn mi ni irun ti ń hù sí mi lágbọ̀n. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí ọkọ mi tó jí, mo máa ń ti ara mi mọ́ balùwẹ̀, tí mo ń fi ẹ̀mú kékeré fà á tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú àwọn tí ń rẹ́rìn-ín yẹn.

Aṣọ náà wà lọ́wọ́ mi, n kò tíì gba owó. Ṣé kí n rán an? Bí mo bá sì rán an, kí ni kí n sọ fún àwọn ọmọ tí òbí wọn fi wọ́n lé mi lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u, ẹ má sì bú mi.

Díákónì:

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. N kò ní í bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n n kò lè tan yín. Ìwé Deutarónómì orí 22, ẹsẹ 5, sọ ọ́ kedere pé kí obìnrin má ṣe wọ ohun tí ó jẹ́ ti ọkùnrin, kí ọkùnrin má sì ṣe wọ aṣọ obìnrin. Àwọn baba wa tí kò tilẹ̀ ka Bíbélì náà máa ń gbàdúrà pé kí eku máa ké bí eku, kí ẹyẹ máa ké bí ẹyẹ. Àwọn òbí tí wọ́n mú ọmọ wọn wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ni mo ń rò jù. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá délé sọ pé ọkùnrin ni ọ̀gá òun ń rán kaba fún, ẹjọ́ kò ní í dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ẹ rọra dá aṣọ rẹ̀ padà fún un pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì bá àwọn ọmọ tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ wí, nítorí èyíinì náà kò dára.

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Àkúrẹ́):

Díákónì, mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ìlú tí a wà nínú rẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa. Nígbà tí Ọba Adébíyìí Adéṣidà wàjà ní ọdún 2013, ta ni ó jókòó sí ààfin Déjì títí wọ́n fi yan ọba mìíràn ní ọdún 2015? Ọmọbìnrin rẹ̀ ni, Ọmọọba Adétutù, gẹ́gẹ́ bí adélé. Gbogbo wa la rí i nínú aṣọ ọkùnrin, tí ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, tí àwọn ìjòyè tí irùngbọ̀n wọn ti funfun sì ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Èmi náà dọ̀bálẹ̀. Kò sí ẹni tó ka Deutarónómì sí i létí, kò sì sí ẹni tó bèèrè eku wo ló ń ké bí ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà náà rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ní ìpínlẹ̀ wa àti ní Èkìtì: bí ọba bá lọ, ọmọbìnrin rẹ̀ ni í di adélé, aṣọ ọkùnrin ni í sì wọ̀. Kí a tó sọ ti àwọn tí wọ́n jẹ ọba gan-an, nítorí ìtàn Àkúrẹ́ ka obìnrin méjì, Èyé Arò àti Èyémọ̀ìn, mọ́ àwọn Déjì, ìtàn àwọn ará Oǹdó sì sọ pé obìnrin ni Púpùpú tí ó kọ́kọ́ jẹ Ọ̀ṣemàwé. Títí di òní, Lóbùn, tí í ṣe ọba obìnrin, ní ipa tirẹ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń fi Ọ̀ṣemàwé jẹ.

Ẹ ó ní obìnrin ni gbogbo àwọn wọ̀nyí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń dirun bí obìnrin, ọkùnrin ni wọ́n, ìyàwó òrìṣà ni a sì ń pè wọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn ará Kétu àti Yewa, ọkùnrin ni ó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Òun ni ó ń di ọmú igi mọ́ àyà, tí ó ń di aṣọ mọ́ ìdí kí ó lè tóbi, láti fi yẹ́ àwọn ìyá sí. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 pé ó wà lára àwọn ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Kì í ṣe tiwa níhìn-ín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n.

Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé a kì í bínú sí aṣọ. Nígbà tí obìnrin bá wọ agbádá, a rò pé ó gòkè ni. Nígbà tí ọkùnrin bá ró ìró, a rò pé ó já wálẹ̀ ni, àfi bí òrìṣà tàbí eré bá wà nídìí rẹ̀. Kí ló wá dé tí ibi tí ìyá wa dúró sí fi jẹ́ ìsàlẹ̀? Ìyẹn ni kí Díákónì dá mi lóhùn.

Wẹ́dà Obìnrin (Oǹdó):

Tíṣà, ẹ sọ ọ́ síbi tó ń dùn mí. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe, ṣòkòtò ni mò ń wọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, mo gé irun mi mọ́lẹ̀ kí iná má baà jó o, gbogbo àdúgbò ló sì ń kí mi pé “obìnrin bí ọkùnrin.” Oríkì ni wọ́n fi ń ṣe. Bàbá mi gan-an máa ń fi mí yangàn níbi ìpàdé ẹbí. Àbúrò mi ọkùnrin ti ilé ìwé dé ní ọdún kan pẹ̀lú irun dídì, kọ́lẹ́sẹ̀ lásán, kò tilẹ̀ kan èjìká. Bàbá kan náà yìí dúró dè é di òru, ó sì fi abẹ fá orí rẹ̀ nígbà tí ó sùn. Ọdún Kérésìmesì méjì ni ọmọ náà kò fi wá sílé lẹ́yìn náà. Ìyá wa, ẹ rán aṣọ náà.

Nọ́ọ̀sì (Oǹdó):

Ọ̀rọ̀ irun ni tèmi, nítorí mo rí i pé òun ló pa àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lẹ́rìn-ín, òun náà ni ìyá wa sì ń fi pamọ́.

Ẹ̀yà họ́mónù kan náà ló ń hu irùngbọ̀n ọkùnrin tí ó sì ń hu irun àgbọ̀n obìnrin. Ó wà lára tọkùnrin tobìnrin. Ti ọkùnrin ló pọ̀ jù. Bí ọjọ́ orí obìnrin bá ti ń lọ, pàápàá nígbà tí nǹkan oṣù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, agbára họ́mónù tí í mú un dà bí obìnrin á dínkù, irun àgbọ̀n á sì ráyè hù. Ní ti àwọn tí wọn kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀, bí irun bá ṣàdédé pọ̀ lágbọ̀n tàbí láyà, tí nǹkan oṣù sì ń dá dúró, kí wọ́n lọ rí dókítà, nítorí ó lè jẹ́ àìsàn họ́mónù tí wọ́n ń pè ní PCOS. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nínú 100 obìnrin tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, mẹ́fà sí mẹ́tàlá ló ní in, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀. Wọ́n máa ń sọ nígbà tí mo wà ní kékeré pé obìnrin onírùngbọ̀n á pa ọkọ jẹ. Mo ti bá àwọn tó gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ pàdé ní wọ́ọ̀dù, tí wọ́n fi kẹ́míkà bó àgbọ̀n wọn títí ó fi di egbò, tí wọn kò sì jẹ́ sọ fún ọkọ wọn ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìyá wa, ẹ rọra.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, irun tiwa máa ń ká ni. Bí abẹ bá gé e mọ́lẹ̀ jù, ẹnu rẹ̀ á gún padà sínú awọ, òun ló sì ń di kókó. Kí ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin ín, kí ó fá a síbi tí irun dojú kọ, kí ó lo abẹ tuntun, kí ó má sì bá ẹnikẹ́ni pín in lò. Irọ́ ni pé fífá máa ń mú kí irun ki sí i.

Ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé ènìyàn ló ń pinnu irun tó yẹ kí ó wà lára àwọn ẹlòmíràn. Àwa Mùsùlùmí, tọkùnrin tobìnrin, ni wọ́n kọ́ láti mú irun abíyá kúrò kí ogójì ọjọ́ tó kọjá lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ọjà ló kọ́ àwọn obìnrin: ọdún 1915 ni Gillette gbé abẹ obìnrin jáde, tí wọ́n sì ń polówó rẹ̀ pé abíyá tó ń dán ló yẹ ọmọge.

Agbẹjọ́rò (Alágbàká):

Ní kúkúrú, nítorí mo rí i pé ẹ̀rù lè máa ba ìyá wa: òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, èyí tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀, kò sọ ohunkóhun nípa aṣọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n gbé àbá kan wá sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú ní Àbújá pé kí ẹni tó bá wọ aṣọ tí kì í ṣe ti irú rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kí ó san ₦500,000. Kò di òfin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí aṣọ ni wọ́n ṣe rán Bobrisky, gbajúmọ̀ tó máa ń múra bí obìnrin, lọ sẹ́wọ̀n ní ọdún 2024, bẹ́ẹ̀ níná owó náírà lé ènìyàn lórí níbi ayẹyẹ ni ẹ̀sùn náà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá ní òfin tiwọn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ kọ́ nìyẹn. Aránṣọ tó rán kaba kò rú òfin. Ohun tí mo lè gbà á nímọ̀ràn ni pé kí ọmọ náà má gbé aṣọ yẹn rìn lóru, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dá a dúró ló ti ka òfin.

Díákónì:

Tíṣà, ẹ ní kí n dá yín lóhùn. Adélé wọ agbádá nítorí ipò ni, ìlú ló sì wọ̀ ọ́ fún un. Ọmọ yìí ló wọ̀ ọ́ fún ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n mo ń ronú lórí “ìsàlẹ̀” tí ẹ sọ, n kò ní í purọ́. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ìjọ wa kì í jẹ́ kí obìnrin wọ ṣòkòtò wọlé. Ní ọdún tó kọjá ni ọmọbìnrin mi lọ sí àgọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ ní Ìkàrẹ́, ó fi fọ́tò ara rẹ̀ nínú ṣòkòtò kákí ránṣẹ́ sí mi, mo sì fi í han gbogbo ìjọ.

Ìyá Aránṣọ:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín, títí kan Díákónì. Mo ti pe ọmọ náà, mo sì gba iye owó tí mo ń gbà lọ́wọ́ obìnrin lọ́wọ́ rẹ̀, kò dín, kò lé. Mo sọ ti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un. Ó dákẹ́ lórí fóònù, ó wá ní, “Ẹ ṣé, mà.”

Alẹ́ àná ni mo gé aṣọ náà, lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ. Èyí àgbà nínú wọn, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ adìẹ, ni mo ní kí ó dúró. N kò bá a wí. Mo jókòó sábẹ́ iná, mo sì gbé àgbọ̀n mi sókè fún un, nítorí Ọjọ́ Ẹtì ni, irun náà ti yọ dáadáa. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ọ̀gá, èmi náà ní in láyà.” Ọdún mẹ́ta ló ti wà lọ́dọ̀ mi, òun ni kì í sì í wọ aṣọ tí ọrùn rẹ̀ ṣí, àní nínú ooru oṣù kẹta; mo ti rò pé ìjọ wọn ló le. Mo ti ní kí ó lọ rí dókítà nítorí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Òun ló bá mi di aṣọ mú nígbà tí mò ń gé e.

Ibi tí mo há sí báyìí ni dáàtì, ìyẹn ibi tí a ń ṣẹ́ aṣọ pọ̀ tí a sì ń rán kí ó lè bá ara mu. Èjìká ọmọ náà jẹ́ ínṣì 19, àyà rẹ̀ 40, ìbàdí rẹ̀ 37, sítáìlì tó sì mú wá ní dáàtì méjì lábẹ́ ọmú. Bí mo bá fi í síbẹ̀, iwájú rẹ̀ á wú lásán bí ẹni tó ki àkísà sí i. Bí mo bá yọ ọ́ kúrò pátápátá, ẹ̀rù ń bà mí pé ìdí rẹ̀ kò ní í yọ rárá, bẹ́ẹ̀ ìdí tó yọ yẹn gan-an ló ń fẹ́. Ẹni tó bá ti rán kaba fún irú èjìká bẹ́ẹ̀ rí, ṣé kí n kó dáàtì náà lọ sí ẹ̀yìn ni, àbí kí n fi síìpù fún un láti ẹ̀gbẹ́? Ọjọ́bọ̀ ló ń bọ̀ wá dán an wò.