Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́: ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù márùn-ún

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin oníṣẹ́ òru, ẹ kú àìsùn. Àwọn tó ń bi mí léèrè ní kọ̀rọ̀ ti pọ̀ ju ohun tí mo lè dá lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa jọ rí i. Òótọ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mò ń jẹun lóòjọ́. Ó ti pé oṣù márùn-ún báyìí. Kílò 97 ni mo wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, 86 ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàn mí. Kílò mẹ́ta lọ láàárín ọjọ́ mẹ́fà, inú mi dùn kọjá sísọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìwọ̀n ò mira mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gorí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo bọ́ aago ọwọ́, mo yọ yẹtí, ibi kan náà ló dúró sí. Díẹ̀ ló kù kí n jáwọ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó kọ́kọ́ lọ. Ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan kì í dá wà níbẹ̀. Gíráàmù kan rẹ̀ máa ń di omi tó tó gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Bí oúnjẹ bá dín, ara á na ṣúgà yẹn, omi á sì bá a lọ. Ọ̀rá ṣì wà níbi tó wà. Torí náà, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yangàn, ẹ má sì fi ọ̀sẹ̀ kejì sunkún.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mò ń jẹun, torí aago mẹ́sàn-án ni mò ń sùn. Mo ti gbìyànjú láti jẹ ẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ rí. Oúnjẹ ọjọ́ odindi nínú ikùn, mo wá lọ fẹ̀yìn lélẹ̀! Omi kíkan gòkè wá sí mi lọ́fun, mo fi ìjókòó mọ́jú. Ẹ fi tó wákàtí mẹ́ta sí àárín oúnjẹ àti oorun.

Ní ti ebi, kì í pa èèyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ bí ẹ ṣe rò. Ó máa ń dé ni, á sì lọ. Àkókò tí ẹ ti máa ń jẹun tẹ́lẹ̀ ló ń dé: tèmi jẹ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ àti aago kan ọ̀sán. Mo máa ń mu omi, tàbí tíì tí ò ní ṣúgà tí ò ní mílíìkì, mo sì máa ń wá nǹkan fi ọwọ́ ṣe. Kó tó ogún ìṣẹ́jú, ó ti rọlẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ti àárọ̀ ò wá mọ́.

Ohun tó wá ń kọ mí lóminú rèé. Irun mi ń já. Bí mo bá yàrun, ó ń kún ọwọ́ mi. Àpò tí mo sì máa ń gbé gun àtẹ̀gùn dé òkè láìdúró, mo ti ń sọ ọ́ kalẹ̀ ní agbedeméjì báyìí. Ta ló ti rí irú èyí rí?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire kílò 11. Kí n tó sọ ohunkóhun: kí ló wà nínú abọ́ kan ṣoṣo yẹn lánàá? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, ẹ má yọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Oúnjẹ líle bí ìkúnwọ́ mẹ́ta, ẹ̀fọ́, ẹja kan tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, èso kan. Mo yó bámúbámú, n ò lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, mà. Kò sí purotéènì tó tó nínú abọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n ní kí àgbàlagbà máà jẹ dín sí ni gíráàmù 0.8 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Fún yín tí ẹ jẹ́ 86, nǹkan bíi 69 nìyẹn. Ẹni tó ń dín ara kù nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 1.2, ìyẹn gíráàmù 103. Ẹja tó tó àtẹ́lẹwọ́, bó bá jẹ́ 100 gíráàmù lẹ́yìn tó jinná, nǹkan bí 20 sí 25 ni purotéènì inú rẹ̀. Ẹyin kan ní bíi 6. Ẹ rí i pé ẹ ò tíì dé ìdajì ọ̀nà.

Bí ara ò bá rí purotéènì gbà lẹ́nu, iṣan yín ló máa yà lò. Òun ló fà á tí àpò fi wúwo. Iṣan tẹ́ ẹ sì pàdánù, ìwọ̀n inú balùwẹ̀ ò lè sọ fún yín, á kàn ní ẹ ti fúyẹ́ ni. Irun náà, bí ara bá fúyẹ́ kíákíá, ó máa ń já lẹ́yìn bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Ó sábà máa ń padà hù, àmọ́ kì í yá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá áyọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà irin inú ẹ̀jẹ̀, ti lọ sílẹ̀, kí wọ́n sì wo tàírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré inú ọrùn, pẹ̀lú.

Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ èmi ni yín: kí purotéènì kọ́kọ́ wọ ikùn ṣáájú ohun gbogbo nínú abọ́ yẹn. Kí ẹ jẹ ẹja tàbí ẹran tán, kí ẹ wá bọ́ sórí ẹ̀fọ́, kí oúnjẹ líle kẹ́yìn. Bí gíráàmù 100 ò bá wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ dá a sí méjì, kí ẹyin méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú wàrà ṣáájú ní ọ̀sán. Kò sí ẹni tó máa gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ yín. Ẹ sì máa lo iṣan yẹn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó kéré tán: ẹ dìde lórí àga kí ẹ tún jókòó, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàárẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi purotéènì kún oúnjẹ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ jọ̀ọ́, aago kọ́ ló ń yọ́ ọ̀rá. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí ní San Francisco fi ọ̀sẹ̀ 12 tẹ̀ lé èèyàn 116. Àwọn kan ń jẹun láàárín wákàtí mẹ́jọ nìkan, àwọn yòókù ń jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyàtọ̀ tó wà nínú kílò tó lọ ò tó nǹkan. Lọ́dún 2022, àwọn ará Ṣáínà fi odindi ọdún kan ṣe é pẹ̀lú èèyàn 139 tó sanra jù, wọ́n dín oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kù bákan náà, wọ́n wá ṣẹ́ wákàtí sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́wọ́. Kílò 8 lọ lára àwọn tí wọ́n ṣẹ́ wákàtí sí lọ́wọ́, 6.3 lọ lára àwọn tó kù, ìyàtọ̀ yẹn ò sì pọ̀ tó láti fi gbá a mú pé wákàtí ló ṣe é. Oúnjẹ tó dín kù ló ṣiṣẹ́. Abọ́ kan kàn jẹ́ ọ̀nà tó rọrùn fún ẹlòmíì láti dín in kù ni, mo sì gbà pé ó rọrùn fún Ìyá Ìbejì.

Ti ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ gan-an, wọ́n ti dán an wò ní Amẹ́ríkà, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2007. Ìwọ̀n oúnjẹ kan náà ni wọ́n fún àwọn èèyàn, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rá ara dín díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹ̀ẹ̀kan, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ebi ń pa wọ́n sí i, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sókè, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù náà lọ sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílé, ẹ má kó ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ yín dà sínú dúrọ́ọ̀.

Awakọ̀ Òru

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ dákun, ẹ dúró ka tèmi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan.

Gliclazide ni mò ń lò láàárọ̀. Mo gbọ́ pé jíjẹun lẹ́ẹ̀kan dára fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, n ò sọ fún dókítà, mo sì ń mu oògùn mi bí mo ṣe ń mu ún. Ọjọ́ kẹrin, mo délé ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, n ò rí ihò tí mo máa kì í bọ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òógùn ti rin ẹ̀wù mi gbindin nínú òtútù, mo sì ń wo kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ìyàwó mi ló gbọ́ ìró ọwọ́ mi lára ilẹ̀kùn. Ó gún ìka mi, 2.9 ló jáde. Omi ṣúgà ló fi gbà mí.

Wákàtí kan ṣáájú ìgbà yẹn, ojú títì márosẹ̀ ni mo wà, èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀.

Ìlú Ọba ni mo wà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 52 ni 2.9 yẹn máa jẹ́ lórí ẹ̀rọ tiyín. Bó bá ti wà lábẹ́ 4 lọ́dọ̀ wa, tàbí 70 lọ́dọ̀ yín, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Nígbà tí mo padà sọ fún dókítà, ó dín oògùn náà kù, ó sì gbé e sí àsìkò oúnjẹ. Mo ṣì ń dín oúnjẹ kù, ara mi sì ti yá sí i, ṣùgbọ́n oògùn àti oúnjẹ jọ ń rìn báyìí ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. A dúpẹ́ pé ẹ délé.

Fún ẹni tó bá bá ara rẹ̀ nírú ipò yẹn: ṣúgà gíráàmù 15, ìyẹn bíi ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin nínú omi, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún gún ìka. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún un mu. Bí onítọ̀hún ò bá dáhùn mọ́, ẹ má da nǹkan sí i lẹ́nu, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì.

Ínsúlínì àti irú oògùn tí ẹ̀gbọ́n ń lò yẹn ló léwu jù níbi ká já ṣúgà wálẹ̀. Metformin nìkan kì í sábà já a wálẹ̀, àmọ́ oúnjẹ ló yẹ kí ẹ fi mu ún kí ó má baà da inú rú. Àwọn tí ń lo dapagliflozin tàbí empagliflozin, tí wọ́n jẹ́ oògùn ìtọ̀ ṣúgà bákan náà, ní ewu mìíràn: bí wọn ò bá jẹun pẹ́, ẹ̀jẹ̀ wọn lè di kíkan nígbà tí ṣúgà ò tiẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀. Bí èébì, inú rírun àti mímí kíákíá bá bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ọ̀la. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀ lè fa òòyì bí ẹ ò bá mu omi tó. Ẹ má sì fi inú òfìfo gbé ibuprofen tàbí diclofenac mì nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn yín, ọgbẹ́ inú ni ẹ ń pè.

Màmá Ire

Kí n fi kan kún un. Ọmọ mi jẹ́ SS. Ẹni tó bá jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi gbẹ lára rẹ̀, torí ìrora lè tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín ṣe é.

Àbúrò Gbogbo Yín

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún 17 ni mí. Mo rí i lórí fídíò pé bí èèyàn ò bá jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, sẹ́ẹ̀lì á jẹ ìdọ̀tí inú ara rẹ̀ tán, gbogbo àìsàn á lọ. Wọ́n ní ẹ̀bùn Nobel ló fi hàn. Ṣé kí n ṣe é ṣáájú ìdánwò?

Ọmọ Láàbù

Àbúrò mi, rárá. Ohun tí wọ́n ń sọ yẹn wà lóòótọ́. Yoshinori Ohsumi, ará Japan, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2016 torí ó ṣàlàyé bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tú àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ tó ti gbó, tó sì ń tún wọn lò. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà ló fi ṣe iṣẹ́ náà, ìwúkàrà tí ebi ń pa nínú láàbù. Kò ṣe òǹkà wákàtí fún èèyàn, kò sì sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ń lé àìsàn lọ. Ẹni tó bá ní wákàtí báyìí-báyìí ló máa bẹ̀rẹ̀ lára rẹ ń tajà ni. Ara rẹ ṣì ń dàgbà, egungun rẹ ṣì ń kó ara jọ. Jẹun kó o tó kàwé.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Mo tì í lẹ́yìn. Ẹni tí kò tíì pé 18, aboyún, ìyá ọlọ́mú, ẹni tó ti bá oúnjẹ jà rí, àti àgbàlagbà tó ti ń rù: kì í ṣe tiyín. Àbúrò, bó bá jẹ́ pé ara rẹ lò ń wò nínú dígí tí inú rẹ ò dùn sí, wá bá mi ní kọ̀rọ̀, mo wà ńlẹ̀.

Bàbá Dúró

Ọ̀rọ̀ "ẹni tó ti bá oúnjẹ jà" yẹn ló mú mi dá sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mo fi ṣe é. Ọ̀sán mi dákẹ́, alẹ́ mi di nǹkan mìíràn. Bí mo bá ti fọwọ́ kan oúnjẹ, n kì í lè dúró. Mo máa ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró, nídìí fíríìjì, iná ilé ìdáná ní pípa kí àwọn ọmọ má baà rí mi, títí ikùn á fi máa dùn mí. Lọ́jọ́ kejì, mo tún máa ń fi ebi jẹ ara mi níyà. Ìyàwó mi ló ní kí n lọ bá ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń jẹun báyìí, aago mọ́kànlá àti aago mẹ́fà, lórí tábìlì, pẹ̀lú ìdílé mi. Kílò 6 ti lọ láàárín oṣù mẹ́jọ. Kò yá, ṣùgbọ́n mo ń sùn.

Ìyá Ìbejì

Bàbá Dúró, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí a ti sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, áyọ́ọ̀nù lọ sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n fún mi ní oògùn rẹ̀. Mo ti fi ẹyin mẹ́ta àti wàrà sí aago méjìlá ọ̀sán, nítorí náà n ò lè pè é ní ẹ̀ẹ̀kan mọ́. Ìwọ̀n ní 84. Irun ṣì ń já, kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo gbé àpò yẹn gun òkè láìsọ ọ́ kalẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ti àga yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta ni mò ń ṣe é báyìí. Ṣé kí n máa gbé nǹkan tó wúwo dání tí mo bá ń dìde?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ fi ìgò omi lítà kan kan sí ọwọ́ méjèèjì. Bí orúnkún bá dùn yín, ẹ gbé wọn sílẹ̀.