Báwo lẹ ṣe ń pín post láti ọ́fíìsì àgbà fún àwọn ẹ̀ka tó ń dá pèèjì tiwọn ṣe?

Akọ̀wé_Adó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni tiwa. Adó ni ọ́fíìsì àgbà wà, ẹ̀ka wà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò, Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló sì ní pèèjì Facebook tirẹ̀, wọn ò fẹ́ ká bá wọn dá sí i. Adó la ti ń ṣe flyer, WhatsApp la fi ń pín in. Tó bá fi máa hàn lórí pèèjì wọn, àwòrán á ti ṣú, ẹnìkan á ti yí déètì, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní gbé e. Ṣé ká kúkú gba páṣíwọ́ọ̀dù wọn ni?

Atọ́kùn_Pèèjì
Ẹ má gba páṣíwọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni. Pèèjì ò ní páṣíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ti ẹni tó ń bójú tó o lẹ máa gbà, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ àṣírí tó wà nínú Messenger rẹ̀. Bí Facebook bá sì rí àkáǹtì kan ṣoṣo lórí fóònù ìlú méjì, ó lè tì í pa.

Ẹ kọ́kọ́ ya ohun tó lè yí padà sọ́tọ̀. Ọjọ́ ìpàdé, ọjọ́ owó yíyá, iye èlé: gbogbo ìwọ̀nyí lè yí. Ẹ jẹ́ kí pèèjì Adó gbé e, kí àwọn ẹ̀ka tẹ Share. Bẹ́ ẹ bá tún ọ̀rọ̀ náà kọ ní Adó, á yí padà níbi gbogbo tí wọ́n ti share rẹ̀. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá pa á rẹ́, ẹni tó bá dé pèèjì Ìjerò á kàn bá àpótí tó ń sọ pé kò sí mọ́. Ẹ máa tún un kọ, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ má sì kọ déètì sára flyer: ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ṣeé tún kọ, tara àwòrán kò ṣeé ṣe.

Èyí tí kì í yí, bí ìlànà wíwọ ẹgbẹ́, ẹ fún wọn ní fáìlì kí wọ́n gbé e fúnra wọn. Fódà Google Drive kan tó. Ẹ kó àwòrán 1080 × 1080 sínú rẹ̀, 1080 × 1920 fún status, àti fáìlì ọ̀rọ̀ lásán. Viewer, ìyẹn àyè láti wò ó nìkan, ni kẹ́ ẹ fún àwọn ẹ̀ka. Ẹni tó bá ní Editor, ìyẹn àyè láti yí i padà, lè ṣèèṣì ba ojúlówó jẹ́, ẹ̀ka márààrún á sì gba èyí tó ti bàjẹ́.

Ní ti àwòrán tó ń ṣú, WhatsApp ló ń fún un pọ̀. Bí ẹnìkan bá wá ya screenshot rẹ̀ gbé sí Facebook, ìyẹn tún fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́tà kéékèèké á di ẹrẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document.

Olóòtú_Àmìohùn
Ohun míì rèé tí àwọn ayàwòrán kì í ka sí. Nínú kọ̀ǹpútà, «ẹ́» jẹ́ ohun méjì: ẹ, àti àmì tó gùn ún lórí. Fọ́ńtì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó ya àpótí. Noto Sans máa ń gbé e dáadáa. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi í pamọ́ bíi PNG, torí ọ̀rọ̀ tó bá ti di àwòrán, fóònù kankan ò lè tú u ká.

Ẹ tún ṣọ́ra lórí X (Twitter àtijọ́). Nínú àyè lẹ́tà 280 tí wọ́n fún yín, ẹ, ọ àti ṣ ń jẹ méjì méjì. «Ẹ́» ń jẹ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tó wọ Facebook dáadáa lè má wọ ibẹ̀.

Akọ̀wé_Adó
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ń yí déètì ńkọ́?

Atọ́kùn_Pèèjì
Ẹ fa ìlà sáàárín fáìlì ọ̀rọ̀ yẹn. Lókè ìlà: orúkọ, ọjọ́, iye owó, ibi ìpàdé, a kì í fọwọ́ kàn án. Nísàlẹ̀ ìlà, wọ́n lè fi ẹ̀ka èdè ìlú wọn kọ ọ́, kí wọ́n fi nọ́ńbà fóònù ẹ̀ka sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń mú wọn yí i ni pé ẹ ò fi àyè kankan sílẹ̀ fún wọn.

Bí wọ́n bá ti gbé e, kí wọ́n lẹ líǹkì rẹ̀ mọ́ Google Sheet kan: ẹ̀ka, ọjọ́, líǹkì. Bí àṣìṣe bá yọ lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ lẹ máa wò láti mọ ẹni tẹ́ ẹ máa pè, torí èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé kò ní yí fúnra rẹ̀. Ẹ má sì fi aago kan de gbogbo wọn. Ọjọ́ ọjà Ìkọ̀lé kọ́ ni ọjọ́ ọjà Ọ̀yẹ́, ta ló fẹ́ wo fóònù níbi tó ti ń tajà? Ẹ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n mú ìgbà tó bá ìlú wọn mu nínú rẹ̀.