Òṣìṣẹ́ ẹ́ńbásì fi mọ́tò gbá àbúrò mi l'Ábújà: ṣé a lè gba owó ìtọ́jú?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn, pàápàá lọ́wọ́ ẹ̀yin lọ́yà. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ́ńbásì ló fi mọ́tò gbá àbúrò mi ní Jàbí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó fi ń bọ́ ọmọ sì rún wómúwómú. Ọlọ́pàá ní òfin ò gba àwọn láyè láti mú ọkùnrin náà. Ìyẹn yé mi, àdéhùn Vienna ti 1961, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ẹ́ńbásì, sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n kọ́ là ń wá, owó ọsibítù ni.

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé: ọkùnrin yìí kì í ṣe aṣojú ìjọba wọn, kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn tún ṣe. Ọjà ló sì ti ń bọ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Abala 37 àdéhùn náà ní, tó bá di ẹjọ́ owó, ààbò irú wọn ò kọjá ohun tí wọ́n bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé a lè pè é lẹ́jọ́ nígbà náà? Àbí ká kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè? Ìnṣọ́ránsì mọ́tò náà ńkọ́, ṣé a lè bá wọn sọ̀rọ̀ tààrà? Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.