Ẹ̀rín tí wọ́n fi wá rín

Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ tiyín ṣáájú lórí bí àwọn ẹni ńlá ṣe ń fi àwa akàndá ṣẹ̀fẹ̀ ní gbangba, ẹ kú ìfaradà. Ibi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àbúrò mi ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ arọ ni mo ń lò, wọ́n sì gbé mi síwájú pátápátá níbi tí gbogbo ojú ti lè rí mi. Òṣèlú ńlá kan ni àlejò pàtàkì. Ó ń gba àwọn ọmọ níyànjú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ geere, àfi bó ṣe ní, "Ẹni tó bá jókòó tó ń retí ìjọba, kí ló fi sàn ju arọ lọ?" Ó ká ọwọ́ kan mọ́ àyà, ó wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ lórí pèpéle. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó jókòó tì mí rín tirẹ̀ tẹ́rùn, ló bá yíjú, ó rí mi. Kíá ló gbé ìwé ètò bojú bí ẹni tó ń kà á. Ó dorí ìwé náà kodò.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ tuntun sí mi, àtikékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ohun tó dùn mí ni bó ṣe yára ràn. Bí a ṣe ń jáde báyìí, àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń sín in jẹ, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká. Bí ọmọ kan bá dá a ṣe, àgbà lè bá a wí. Èyí tí àgbà fi makirofóònù kọ́ wọn ńkọ́?

Mo rí i pé ẹnì kan nínú yín ní Trump ti Amẹ́ríkà ló dá irú ẹ̀fẹ̀ yìí sílẹ̀. Rárá o. Lóòótọ́, ní ọdún 2015, ní South Carolina, ó ń ju ọwọ́ kiri bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa Serge Kovaleski, akọ̀ròyìn tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ ká kò, ó sì ní òun kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1999, Glenn Hoddle tó ń kọ́ ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù England ti sọ fún oníròyìn pé ohun tí àwọn akàndá ṣe ní ayé tí wọ́n ti wá tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń jẹ gbèsè rẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún náà. Àwọn kan ní ìyà yẹn ti pọ̀ jù. Èmi kò gbà, torí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń lé ìyá mi kiri nígbà tí mo wà lọ́mọdé: "Kí lo ṣe tí ọmọ rẹ fi rí báyìí?"

Ti Biden nìkan ni mo lè fi rẹ́rìn-ín. Ní 2008, ní Missouri, ó ní kí Chuck Graham, aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, dìde kí èrò rí i, orí kẹ̀kẹ́ arọ ni ọkùnrin náà sì wà! Lójú ẹsẹ̀ ló ké sí èrò pé kí wọ́n dìde fún Chuck. Ìyẹn, ahọ́n ló yọ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọkàn. Adití ni mí. Níbi ìpàdé kan, alága sọ pé àwọn alátakò òun "ya odi, wọ́n ya dìndìnrìn." Ọwọ́ ògbufọ̀ wa dúró lófuurufú. Ó wò mí. Mo ní kó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, n kò wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fọ̀. Ó sọ ọ́ tán, ojú tirẹ̀ ló pọ́n. Àwọn yòókù ti rẹ́rìn-ín tán kí tiwa tó dé.

Mo kọ̀wé sí alága náà. Akọ̀wé rẹ̀ fèsì pé wọn kò ní wa lọ́kàn. Ṣé ìyẹn gan-an kọ́ ni ẹjọ́? Gbangba ló ti bú wa, ìwé àdáni ló fi bẹ̀ wá. Obama tó fi Special Olympics, àjọ eré ìdárayá àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ, ṣẹ̀fẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2009 pe olórí àjọ náà, ó bẹ̀ ẹ́, kí ètò ọ̀hún tó jáde rárá.

*

Èmi kì í ríran. Ẹ jẹ́ kí n fi ọgbọ́n kan lé e. Gbajúmọ̀ kan ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́, ó fi afọ́jú ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo nawọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohùn yín kò dé ọ̀dọ̀ mi dáadáa, ẹ bá mi tún un sọ." Ó wúkọ́. Ó ní kò ṣe pàtàkì. Mo ní, "Ó dà bíi pé ó dùn sà, gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín, ẹ má fi dù mí." Kò sẹ́ni tó rín mọ́. Ó ní àsìkò ti lọ, ká bọ́ sí apá kejì.