Àwọn tó ṣáájú wa já àwọn ọmọ àdúgbò kulẹ̀: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn mí sípò alábòójútó ètò ìrànwọ́ nínú ìjọba akẹ́kọ̀ọ́ fásitì wa. Sáà méjì péré ni mo ní láti lò.

Àwọn tó ṣáájú wa máa ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́bàá ọgbà wa ní ìṣirò àti ìwé kíkà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sára aṣọ. Nígbà tí ìdánwò wa dé, kò sẹ́ni tó lọ mọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún àwọn ọmọ náà pé a ò ní wá. Èmi gan-an wà lára àwọn tó dáwọ́ dúró, ojú ṣì ń tì mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí olùkọ́ àgbà wọn. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ máa wá lọ́tẹ̀ yìí?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Nínú ọgbà pẹ̀lú, mo mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń febi sùn tí wọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ààrẹ wa ní ká fi ìdajì owó ètò ìrànwọ́ ṣe ayẹyẹ ọlọ́jọ́ kan. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí ni mo lè fi rọ́pò rẹ̀ tí yóò wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ará àdúgbò, tí kò sì ní kú lọ́jọ́ tí mo bá kúrò nípò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹni tó ti ṣe akápò rí:
Àbúrò mi, má bá ààrẹ fa ọ̀rọ̀ náà láìní ìṣirò lọ́wọ́. Kọ iye tí ayẹyẹ yẹn máa ná yín sílẹ̀, kí o wá kọ iye ọ̀sẹ̀ tí owó kan náà lè fi gbé ètò kékeré ró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbé e síwájú ìgbìmọ̀ aṣojú ní gbangba. Owó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni, ẹ̀tọ́ wọn ni láti rí i. Kí o sì yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó máa gbapò lọ́wọ́ yín. Àwa ná tiwa tán pátápátá, àwọn tó tẹ̀ lé wa bá àpò òfìfo, oṣù mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi lè ṣe nǹkan kan. Ó ṣì ń dùn mí.

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀:
Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ tiwa fún ọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ti wá sí kíláàsì mi rí. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kì í lanu sọ̀rọ̀, àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé sókè fún ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí wọn ò wá mọ́, gbogbo Ọjọ́rú ló ń bi mí pé ṣé wọ́n ń bọ̀. Ó pẹ́ kó tó ṣíwọ́ bíbi, ọjọ́ tó sì ṣíwọ́ ló dùn mí jù.

Nítorí náà, kọ́kọ́ lọ tọrọ àforíjì. Má mú ètò tuntun kankan dání lọ. Bi wọ́n ní ohun tí wọ́n nílò, ó lè má jẹ́ ìṣirò rárá. Tí ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ fi ọjọ́ ìdánwò yín hàn wọ́n. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ lè lò, ẹ sọ fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni, kí ẹ sì dágbére fún wọn lọ́jọ́ tó parí. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má sì dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá. Kí olùkọ́ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹni tó ń bójú tó ilé oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́:
Ní ti ebi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe é rí, ó sì fìdí múlẹ̀. Ọdún 1993 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Michigan State University ní Amẹ́ríkà dá ilé oúnjẹ tiwọn sílẹ̀, ìyẹn ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ti lè gba oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń darí rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ìtìjú ni ìṣòro tó le jù. Níbi tiwa, yàrá tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà la kọ́kọ́ lò, ẹni méjì péré ló wá láàárín oṣù kan. La bá kó o lọ sí yàrá tí a ti ń yá àwọn èèyàn ní ìwé ẹ̀kọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ta ló mọ̀ bóyá ìwé ló wá gbà? Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹ má ya fọ́tò. Ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni mú ẹ̀rí wá pé òun ò ní. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ti tó.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin:
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gbà kó dáwọ́ lé méjèèjì. Sáà méjì kò tó. Ọ̀kan ni kó yàn, kó ṣe é kó yanjú.

Ẹnìkan sì máa tó dábàá ètò títẹ́tí sí ẹ̀dùn ọkàn fún un, torí pé kò fi bẹ́ẹ̀ náwó. University of Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá Nightline àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1970: akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lóru, wọn kì í bèèrè orúkọ. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó pè lè máa gbèrò àtipa ara rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìsí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó péye àti àgbà onímọ̀ tí ẹ lè tètè pè.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo padà lọ bá olùkọ́ àgbà, mo sì tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ilé ìkàwé àwọn ló dojú rú, kò sẹ́ni tó máa to ìwé inú rẹ̀. Mi ò ronú kan ìyẹn rárá. Iṣẹ́ tó lópin ni, a lè parí rẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Ìyẹn ni mo yàn. Ilé oúnjẹ, màá kọ ohun tí ẹ sọ sílẹ̀ fún ẹni tó máa gbapò mi. Báwo ni mo ṣe lè rí i pé ó máa kà á?

Ẹni tó ti ṣe akápò rí:
Má dúró de ìgbà ìbò. Wá ẹni ọdún kejì nísinsìnyí, kó máa bá ọ lọ, kó mọ olùkọ́ àgbà náà lójúkojú. Ìwé nìkan kò lè fi ìyẹn lé e lọ́wọ́.

Ẹni tó béèrè:
Mo ti rí ẹni méjì, ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ la jọ ń lọ.