Ṣé kónílé-ó-gbélé 2020 ló fọ afẹ́fẹ́ Èkó mọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Akoka: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo rí ìwọ̀n PM2.5 gbà láti ẹ̀rọ kan ní Yaba, ìyẹn èérún eruku àti èéfín tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ga ní oṣù kejì 2020, ó sì wálẹ̀ ní oṣù kẹrin. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé dánfó tí kò rìn ló fà á?

Àkànní: Má kọ bẹ́ẹ̀ o. Ní oṣù kejì, eruku ọyẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Ní oṣù kẹrin, òjò ti ń fọ̀ ọ́ dànù. Kòrónà ì báà má wáyé, yóò wálẹ̀. Alẹ́ 30 oṣù kẹta ni wọ́n ti Èkó pa, 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni kí o fi wé irú wọn ní 2019.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ lẹ sọ. Ibo ni wọ́n gbé ẹ̀rọ yẹn kọ́? Gbogbo ayé jókòó sílé, kò síná, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ ló ń ké. Ẹ̀rọ tó bá kọjú sí sàlẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀, ti aládùúgbò ló ń kà, kì í ṣe ti títì. Bí ọ̀rinrin bá sì ti kọjá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, omi á lẹ̀ mọ́ èérún, iná lésà tí ẹ̀rọ fi ń ka èérún á rí i bí ohun tó sanra. Ọjọ́ tí kò bá ní tó wákàtí 18, yọ ọ́.

Tíṣà Kẹ́mísírì: Bó bá jẹ́ ọkọ̀ lo ń wá, NO2 ni kí o wò, ìyẹn gáàsì nitrogen dioxide. Inú ẹ́ńjìnnì gbígbóná ló ti ń wá, kì í sì í pẹ́ ju wákàtí mélòó kan lọ lójú ọ̀run, nítorí náà bí títì bá dá páropáro, kíá ló máa hàn. Sátẹ́láìtì Sentinel-5P ní ti 2019 àti 2020, ọ̀fẹ́ ni. Àwọsánmà Èkó pọ̀: má lo ọjọ́ kan ṣoṣo, pa ọ̀sẹ̀ pọ̀, kí o yọ èyí tí qa_value rẹ̀, ìyẹn máàkì tó ń sọ bí ìwọ̀n náà ṣe ṣeé gbára lé tó, kò tó 0.75. Má sì retí pé gbogbo nǹkan á wálẹ̀. Ní Wuhan, NO2 já wálẹ̀, gáàsì ózóònù gòkè, torí NO (nitric oxide) tí ọkọ̀ ń tú ló máa ń jẹ ózóònù náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akoka: Ẹ ṣeun, mà, sà. Ẹ̀rọ náà kò sí ní 2019.

Àkànní: Lo wákàtí nígbà náà. Mú ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú 30 oṣù kẹta àti méjì lẹ́yìn rẹ̀, ya ìlà wákàtí 24 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí òkè agogo 6 sí 9 àárọ̀ bá tẹ́ ṣùgbọ́n tí ti agogo 7 sí 11 alẹ́ dúró, ọkọ̀ ló lọ, jẹnẹrétọ̀ ló kù.