Àwọn ẹbí aláìsàn ní kí n ṣí ọ́síjìn sí i
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi. Aláìsàn kan tí mò ń tọ́jú ní àìlera ọkàn pẹ̀lú àrùn ẹ̀dọ̀fóró COPD, èyí tí ń dí ọ̀nà èémí. Bí ó bá ti sùn gbalaja lóru, á máa mí hẹlẹ, á sì dìde jókòó, á di etí ibùsùn mú. Mo ti fi ìrọ̀rí 3 gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, dókítà sì ti fi kún oògùn tí ń mú un tọ̀. Ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí dókítà pa láṣẹ jẹ́ 88 sí 92 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ rí 98. Wọ́n rò pé mò ń ṣahun. Báwo ni ẹ ṣe máa ń ṣàlàyé, láì dẹ́rù ba ẹbí, pé ọ́síjìn àpọ̀jù lè mú kí afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ó mí síta kójọ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.